Agogo Ìdíje Ọjọ́ Sátidé

Lọ́sàn-án àná, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Koira Kano, ní Niamey níhìn-ín, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni ohùn kan bá jáde nínú fóònù ọmọ-ọmọ mi, ọwọ́ mi sì dúró sójú kan. Ohùn kékeré ni: tó, tó, tó, lẹ́yìn náà, gbin! Tẹ̀mí ló na ara rẹ̀ sórí ẹní níbẹ̀, tó ń dáhùn àwọn ìbéèrè kan tí fóònù ń bi í. Bí àkókò bá fẹ́ tán, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i létí, bó bá sì tán pátápátá, agogo á dún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Tẹ̀mí. Bí agogo náà bá dún mọ́ ọn lórí, ẹ̀rín ló máa ń fi rín, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Mo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó pa ohùn yẹn.

"Màmá, ça va? Ṣé orí ń fọ́ yín ni?"

Orí ò fọ́ mi. Mo mọ agogo yẹn ni. Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìyá Tẹ̀mí, mo sì ti rò pé ọjọ́ orí ti jẹ́ kí etí mi gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó ti jẹ́ pé kò gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí n tó gbé e lọ sọ́run.

Lamordé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lódìkejì odò, níbi tí ẹ ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá báyìí bí ẹ bá ń lọ sí yunifásítì. Agbo ilé oníyẹ̀pẹ̀ ni, yàrá mẹ́wàá tó yí igi dóńgóyárò kan ká. Yorùbá ló wà nínú mẹ́sàn-án, ará Ọ̀yọ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìsẹ́yìn. Yàrá kẹwàá nìkan ni ti Ìyá Hawa, obìnrin Zarma kan tó ń ta wàrà, tó sì ti gbé pẹ̀lú wa débi pé ó ń bá wa jà ní èdè wa. Láàárọ̀, àwọn òbí wa á kọjá afárá lọ sí ọjà Petit Marché, wọn ò sì ní padà títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Bàbá mi ń ránṣọ níbẹ̀. Nínú ilé, Yorùbá là ń sọ, lẹ́nu ọ̀nà, Zarma, lọ́jà, Hausa, nílé ìwé, Faransé. Bí ahọ́n rẹ bá ṣèèṣì mú ọ̀kan dípò èkejì, wọn á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Bàbá Alága ló ni tẹlifíṣọ̀n. Òun ló dàgbà jù nínú agbo ilé, aago ọwọ́ ló ń tún ṣe, ọ̀rọ̀ tó bá sì ti jáde lẹ́nu rẹ̀ lábẹ́ igi yẹn, abẹ́ gé e. Tẹlifíṣọ̀n náà ní ilẹ̀kùn méjì níwájú, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ tí Bàbá máa ń so mọ́ ọrùn. Dúdú àti funfun nìkan ló ń gbé jáde, ṣùgbọ́n àwa ò mọ̀ pé nǹkan kan kù níbẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń ṣe ìdíje àwọn ilé ìwé lórí rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta láti ilé ìwé kan, ọmọ mẹ́ta láti òmíràn, kálukú wọn lẹ́yìn tábìlì gíga kan. Lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, agogo kan wà tí wọ́n ń tẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan sì wà tí wọ́n fi ìdè dè mọ́ pákó, kò ṣeé gbé. Atọ́kùn ètò náà, bàbá arúgbó kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, agbádá rẹ̀ funfun. Bó bá béèrè ìbéèrè, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ agogo ló ni í. Bàbá náà á pe orúkọ ọmọ ọ̀hún, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló sì ní láti dáhùn. Aago á máa lọ tó, tó, tó, bó bá tán, gbin, ìbéèrè ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀tá.

Ká ní ẹ rí àwọn àgbà ilé wa nídìí rẹ̀! Ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rọ̀ Faransé yẹn ni wọ́n ń gbọ́, síbẹ̀ àwọn ni ariwo wọ́n ń ròkè jù. Wọn á ní kí àwa ọmọ túmọ̀ ìbéèrè, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ tán, àkókò ti kọjá, wọn á sì máa bínú sí wa bíi pé àwa la pa ọmọ ọ̀hún lẹ́nu dé. Nígbà mìíràn Bàbá Alága ò ní gbà pé òótọ́ ni ìdáhùn tí atọ́kùn fọwọ́ sí. "Ta ló sọ fún un?" ni yóò máa béèrè. "Ṣé ó débẹ̀ ni?" A ò lè rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, a máa ń sá lọ sẹ́yìn ilé lọ rín in.

Mojísọ́lá ni ọ̀rẹ́ mi. Mojí là ń pè é. Ògiri kan ló là wá láàárín, bó bá sín nínú yàrá wọn, èmi ni mo ń kí i pẹ̀lẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, ìyá rẹ̀ ń ta abọ́ tánganran. Àwa méjèèjì ló máa ń lọ fọ aṣọ létí odò, tí a ó sì fi ìdajì ọ̀sán wo omi. Odò Ọya ni àwọn òbí wa ń pè é, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ Mojí lógún. Ó fẹ́ mọ ibi tí omi náà ti ń bọ̀. Ó bi àwọn apẹja, wọ́n kàn fi àgbọ̀n júwe òkè odò fún un. Nígbà tó yá, ó rí i nínú ìwé àwòrán ilẹ̀ nílé ìwé: àwọn òkè Fouta Djallon, nílẹ̀ Guinea. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn lẹ́nu kọjá ààlà. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bí ìyá rẹ̀ bá béèrè ibi tó ti ń bọ̀, á ní, "Fouta Djallon, mà," á sì sá kí etí rẹ̀ má bàa jẹ igbátí.

Ọdún tí à ń wí yìí, a wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn kí ènìyàn tó wọ lycée, ilé ìwé girama àgbà. Bàbá Mojí ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Obìnrin tó ti mọ̀wé kọ, tó ti mọ̀wé kà, kí ló tún kù? Ó ní ọ̀dọ̀ àbúrò òun obìnrin ní Ìsẹ́yìn ló ń lọ, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kó sì lọ́kọ. Mojí sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ilé ìwé wa mú un sínú àwọn mẹ́ta tí yóò ṣojú wọn nínú ìdíje Sátidé. Ẹ̀bùn ìdíje náà sì ni pé àwọn ọmọ tó bá gbégbá orókè, ìjọba yóò gbé wọn wọ lycée, oúnjẹ àti ibùsùn lọ́wọ́ ìjọba, títí wọn yóò fi jáde.

Bàbá Alága ló bá a bẹ bàbá rẹ̀. Bàbá Mojí ronú, ó sì dáhùn lójú gbogbo wa lábẹ́ igi: "Bó bá gbé e, mo ti yọwọ́. Kó kàwé dé ibi tó bá wù ú. Bí kò bá gbé e, Ìsẹ́yìn ni." Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Sátidé ti di ọjọ́ tí a kì í lè jẹun.

Mojí ja ìjà àkọ́kọ́, ó borí. Ó ja èkejì, ó borí. Bó ṣe ń tẹ agogo yẹn, ọwọ́ rẹ̀ yára ju ojú lọ. Bí atọ́kùn bá ti pe orúkọ rẹ̀, á dúró lóòró, á gbé àgbọ̀n sókè, á sọ ìdáhùn sínú ẹ̀rọ ketekete. Ó ku ìdíje àṣekágbá nìkan. Lọ́jọ́ tó borí lẹ́ẹ̀kejì, àwa ọmọ ń jó yí igi ká, àfìgbà tí mo ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà ò bá wa jó.

Bàbá Alága ti ilẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó tú èémí sílẹ̀. "Ọmọ yìí mọ̀wé o," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i bó ṣe dúró gbagidi níwájú bàbá yẹn? Arúgbó tó tó bàbá rẹ̀ í bí!"

"Gbogbo Niamey ló ń wò ó," ni bàbá tèmi fi kún un. "Wọn á ní Yorùbá kì í kọ́ ọmọ nílé."

Ìyá Mojí fi etí ìró bojú. Ojú tì í, mo rí i pé ojú tì í gidigidi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún yín, nítorí ẹ̀yin kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́. Lágbo ilé wa, bí àgbà bá pe orúkọ ọmọbìnrin, orúnkún ló ń kọ́kọ́ dá a lóhùn kí ẹnu tó dáhùn. Wàá kúnlẹ̀, wàá tẹrí ba, wàá sì wà níbẹ̀ títí àgbà náà yóò fi sọ pé "dìde". Ẹni tó bá dìde láìjẹ́ pé wọ́n ní kó dìde, àbíìkọ́ ni. Nílé ìwé, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ò fẹ́ ẹ, a máa ń dúró bí ọmọ gbogbo ayé. A ní ara kan fún ilé, a ní òmíràn fún ilé ìwé, kò sì sí ìdààmú níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló wá gbé ilé ìwé wọlé tọ̀ wá wá lábẹ́ igi, tí àwọn àgbà fi rí ara kejì tí wọn ò rí rí.

Lọ́jọ́ Jimọ̀ tó ṣáájú àṣekágbá, èmi àti Mojí lọ sétí odò. Kò fọ aṣọ kankan. Ó ní ìyá òun ti bẹ òun lálẹ́ àná, ó di òun lọ́wọ́ mú, ó ní, "Má dójú tì mí lójú àwọn èèyàn wa." Ó yíjú sí mi.

"Micro yẹn wà lórí tábìlì, kò ṣeé gbé. Bí mo bá kúnlẹ̀, ta ló máa gbọ́ mi? Kí ni kí n ṣe?"

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń fi ìdáhùn tí mo fún un da ara mi láàmú. Mo ní, "Kúnlẹ̀ jàre. Bàbá yẹn á kàn ní kó o dìde, wàá dìde, wàá dáhùn. Kí ló máa gbà?"

Ẹ má rò pé àìmọ̀kan nìkan ni. Èmi náà ṣe ìdánwò tí wọ́n fi yan àwọn mẹ́ta yẹn, mi ò yege. Inú mi dùn sí Mojí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igun kan wà nínú inú náà tó ń rò ó pé kò burú bí àgbọ̀n tó ń gbé sókè yẹn bá wálẹ̀ díẹ̀. Mo jowú ọ̀rẹ́ mi. Mo ti dàgbà tó láti sọ ọ́ báyìí, ìgbà yẹn ni mi ò tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé. Àwọn òbí wa tètè ti ọjà dé. Bàbá Mojí kò jókòó, ó fara ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wa, ó ń fi ọwọ́ pa agogo kẹ̀kẹ́ náà lára láìtẹ̀ ẹ́. Ìdíje náà le. Bí ti ọ̀hún bá gba ọ̀kan, tiwa á gba ọ̀kan, títí wọ́n fi dọ́gba, tó sì ku ìbéèrè kan ṣoṣo. Atọ́kùn tún irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó ní, odò tó gba àárín ìlú wa yìí kọjá, àwọn òkè wo ló ti ṣàn wá?

Mo fò sókè. Mo ń pariwo, mi ò sì mọ ohun tí mo ń wí. Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà láyé, èyí ni wọ́n bi í! Ọwọ́ Mojí ti wà lórí agogo kí bàbá náà tó pa ẹnu dé. Bàbá náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pe orúkọ rẹ̀ tòun ti ahọ́n Faransé: "Mademoiselle Mojisola!"

Mojí sì pòórá nínú tẹlifíṣọ̀n.

Tábìlì nìkan ló kù níbi tó wà, àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó dá dúró lórí rẹ̀. Abẹ́ igi wa bú sí àtẹ́wọ́. Bàbá Alága na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọmọ gidi nìyẹn! Ọmọ ilé ire!" Ìyá Mojí bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣé o, ọmọ mi ò dójú tì mí, ẹ ṣé o." Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, aago ń lọ: tó, tó, tó. Atọ́kùn na ọrùn, ó ń wo orí tábìlì, ó jọ ẹni tó rò pé nǹkan ọmọ náà ló jábọ́ tó ń wá a nílẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń dúró dè. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù tẹ̀ síwájú, ó ń fa nǹkan sókè lábẹ́ tábìlì, ohun tó ń fà kò dìde. Mo sáré lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu gíláàsì rẹ̀, mò ń ké pé, "Dìde! Mojí, dìde!"

Gbin!

Àtẹ́wọ́ ṣì ń dún. Ìyá Hawa ló fi òye bi wá léèrè, òun tí kì í ṣe Yorùbá: "Kí ló dé tí ọmọ yẹn fi sá pamọ́?" Ìgbà yẹn ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan láti ilé ìwé kejì tẹ ẹnu mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ní, "Fouta Djallon." Mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ Bàbá Mojí ń kúrò lẹ́yìn wa, ó ń tì í jáde kúrò nínú agbo ilé.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni Mojí bá mi sọ nígbà tó délé. Ó ní, "Mo dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dáhùn. Mo ń retí kó ní kí n dìde."

Ìyá Hawa gbé wàrà wá fún un, ó ń pa á lẹ́yìn rọra, ó ń wí pé, "Kala suuru, kala suuru," sùúrù ni, sùúrù ni. Bàbá Alága, tí kì í bẹ èèyàn, lọ bẹ Bàbá Mojí ní ìgbà mẹ́ta. Ìgbà kẹta, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Bàbá Mojí fà á dìde. "Ojú gbogbo yín ni mo ti sọ ọ́, Bàbá. Kì í ṣe èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀." Èmi lè dá a lóhùn, mo sì dákẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Gaya, ẹnubodè tí wọ́n ń gbà lọ sí Ìsẹ́yìn, dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n ti di ẹrù Mojí sórí rẹ̀. Mojí jáde láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ ní, "Dìde." Kò dìde. Ó ní òun ò ní dìde, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ níbẹ̀ títí ilé ìwé yóò fi wọlé. Bàbá rẹ̀ tún ní kó dìde, ohùn rẹ̀ ti já. Dírẹ́bà fun fèrè. Ìgbà tí wọ́n pe dìde lẹ́ẹ̀kẹta, ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún, ó wọ ọkọ̀. Mo ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé orí afárá, mo fẹ́ kó yíjú wo ẹ̀yìn kí n lè fi ẹnu ara mi sọ pé kó dárí jì mí. Kò yíjú.

Bàbá Alága da aṣọ funfun bo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Títí ọdún náà fi parí, kò ṣí i lọ́jọ́ Sátidé mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni Mojí kọ sí mi, ìlà mẹ́ta, ó kí gbogbo ilé, ó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá. Yorùbá ló fi kọ ọ́, kò sí Faransé kankan níbẹ̀. Mo kọ ìwé márùn-ún sí i, mo ya gbogbo wọn kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́. Nígbà tí mo di abiyamọ, mo gbọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ. Mo rí ilé náà. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn tó wà níbẹ̀ ní obìnrin kan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lọ́kọ, ọkọ rẹ̀ sì ti gbé e lọ sí òkè Ọya, wọn ò mọ ìlú wo. Mo jókòó sórí pèpéle wọn títí oòrùn fi kan mí lójú. Mi ò mọ ohun tí mo ń dúró dè.

Wọ́n ti gé igi dóńgóyárò yẹn. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ Lamordé báyìí, alùpùpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá níbi tí a ti ń jó. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, kò sì sí àgbà kankan tó ń jókòó sídìí rẹ̀ láti dájọ́ ọmọ aládùúgbò. Tẹ̀mí ń wọ lycée lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò bá a dá májẹ̀mú kankan kó tó wọ̀ ọ́, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Yorùbá rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bó bá fẹ́ pe orúnkún, genou ló ń sọ. Odò náà nìkan ni kò yí padà. Láti Fouta Djallon ló ṣì ń bọ̀.

Nígbà tí mo ní kó pa ohùn fóònù yẹn lánàá, ó pa á, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí láti bẹ̀ mí. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ dáadáa, mo rí i tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kó tó kan ilẹ̀, mo ti ní, "Dìde."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ kì í jẹ́ kí èèyàn kúnlẹ̀ tán!"

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ọmọ tó bá ti wọ inú ilé yìí ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Mo ti sọ "dìde" fún ọmọ mi, fún ọmọ-ọmọ mi, fún ọmọ aládùúgbò àti ọmọ àlejò, mo sì ń sọ ọ́ kíákíá. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ, mi ò sì mọ ibi tó wà.